Baruch Blumberg, dókítà tó rí kòkòrò hẹpatáítíìsì B láìjẹ́ pé òun ló ń wá: ìbéèrè àti ìdáhùn

Bí oṣù Keje bá ti ń lọ sópin, tí àwọn iléeṣẹ́ ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í polongo Ọjọ́ Hẹpatáítíìsì Lágbàáyé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń bi wá lọ́tùn-ún lósì. Àwọn kan ń béèrè nípa àrùn náà, àwọn kan ń béèrè nípa ọkùnrin tí wọ́n fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe àyájọ́ náà. A kó wọn pọ̀ síbí.

Ta ni Baruch Blumberg yìí, kí ló sì kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Dókítà ọmọ Amẹ́ríkà ni. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló rí kòkòrò tó ń fa àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ìyẹn ẹ̀dọ̀ wíwú, tí a mọ̀ sí hẹpatáítíìsì B. Àwọn náà ló mú kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà tí a fi ń mọ ẹni tó ní in, àwọn ló sì la ọ̀nà bí wọ́n ṣe lè ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Brooklyn ní ìlú New York ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1925. Ọdún 1976 ló gba ẹ̀bùn Nobel.

Ohun tó kàn wá ńbẹ̀ pọ̀. Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́dún 2018 fi hàn pé ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló ní hẹpatáítíìsì B lára. Ẹ ka èrò inú bọ́ọ̀sì kan tó kún dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ó kéré tán ní in níbẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ má sì mọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Nàìjíríà wà nínú ìtàn ọkùnrin yìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé kòkòrò kan wà.

Ṣé dókítà ẹ̀dọ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀?

Rárá o. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Júù ló ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, níbi tí wọ́n ti máa ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí jiyàn lórí ìwé Tálímọ́ọ̀dù. Ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì ti di ọ̀gá lórí ọkọ̀ ogun kan kó tó kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1946. Físíìsì ló kọ́ jáde ní Union College. Ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Columbia, àfi bí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ lọ́yà, ṣe dá a lábàá pé kó kúkú lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Ó gbọ́ràn sí bàbá lẹ́nu. Ọdún 1951 ló di dókítà.

Lẹ́yìn náà ló ṣiṣẹ́ ní Bellevue, ilé ìwòsàn ńlá tí àwọn tálákà New York máa ń ya lọ, kó tó lọ sí Oxford láti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa èròjà inú ara. Àwọn èròjà inú oríkèé ara ló kà níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Kí ló wá ń wá kiri?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé e lọ́kàn: kí ló dé tí àìsàn kan náà fi máa ń mú ẹnì kan, tí yóò sì fo ẹnì kejì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ibi tó ti bá ìbéèrè náà pàdé ni Moengo, ìlú kékeré kan tí wọ́n ti ń wa kùsà ní Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni nígbà náà. Ó gbẹ̀bí níbẹ̀, ó sì lọ káàkiri láti mọ bí ibà ṣe pọ̀ tó. Àwọn ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà wà níbẹ̀, àwọn ará Jáfà, ará Íńdíà àti ará Ṣáínà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú kan náà. Ṣùgbọ́n àìsàn tó máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ wú bí ẹsẹ̀ erin kò mú gbogbo wọn bákan náà rárá. Ó rí i, kò sì gbàgbé.

Ṣé lóòótọ́ ló wá sí Nàìjíríà?

Lóòótọ́ ni. Ọdún 1957 ló wá, ọdún mẹ́ta ṣáájú òmìnira, ìrìn àjò ìwádìí rẹ̀ àkọ́kọ́ sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì nìyẹn. Dókítà Anthony Allison ló ti ń bá a sọ̀rọ̀ ní Oxford nípa oríṣiríṣi ẹ̀jẹ̀ tí ènìyàn máa ń jogún. Allison yìí náà ló fi hàn pé àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ AS máa ń ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà, ọ̀rọ̀ tí ilé Yorùbá kò lè sọ pé òun kò gbọ́ rí.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wá gbà. Wọ́n gbà á lára oríṣiríṣi ènìyàn, títí kan àwọn Fúlàní darandaran, wọ́n tilẹ̀ gbà á lára àwọn ẹran wọn, wọ́n sì yẹ wàrà pàápàá wò. Blumberg kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé tó fún àwọn elétò Nobel pé ará Nàìjíríà lọ́yàyà, wọ́n sì rọrùn-ún bá gbé, àti pé irú iṣẹ́ tí òun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ló pàpà já sí rírí kòkòrò hẹpatáítíìsì B. Èmi ò rí i kí wọ́n máa sọ èyí tó bó ṣe yẹ nílé wa. Òótọ́ ni pé àwárí gan-an kò wáyé ní Nàìjíríà, kí ẹnikẹ́ni má fi wá yangàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà ṣe é, níhìn-ín ló ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ó dáa, báwo ló ṣe rí kòkòrò náà gan-an?

Èyí gba àlàyé, ẹ ní sùúrù.

Nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Bethesda ló ti ń ṣiṣẹ́. Èrò kan wá sí i lọ́kàn: ẹni tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí lára lọ́pọ̀ ìgbà yóò ti bá èròjà tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ pàdé, ara rẹ̀ yóò sì ti ṣe ọmọ ogun tó ń bá èròjà náà jà. Bí a bá rí ọmọ ogun yẹn, a lè fi í wá ohun tó ṣàjèjì nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni káàkiri ayé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á da àgà (agar, ohun olómi kan tó máa ń dì) sórí gíláàsì pẹlẹbẹ kan, á sì dì bí ẹ̀kọ tútù. Wọ́n á lu ihò kéékèèké sí i, ọ̀kan láàárín, àwọn yòókù yí i ká. Omi tó máa ń dá dúró lókè tí ẹ̀jẹ̀ bá dì, ti aláìsàn tó ti gba ẹ̀jẹ̀ léraléra, ni wọ́n máa kán sí ihò àárín. Ti àwọn ènìyàn láti ibi gbogbo ni wọ́n máa kán sí àwọn ihò àyíká. Wọ́n á fi sílẹ̀. Omi méjèèjì á máa wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ nínú àgà náà, bí ọmọ ogun inú ọ̀kan bá sì kan ohun tó mọ̀ nínú èkejì, ìlà tín-ínrín kan á yọ níbi tí wọ́n ti pàdé. Gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n lò kò ju èyí lọ.

Lọ́dún 1961, òun àti Allison ti fi ọ̀nà yìí rí èròjà ọlọ́ràá kan tó yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì. Wọ́n ń bá a lọ. Ní ọdún 1963, nígbà tí Harvey Alter ti dara pọ̀ mọ́ wọn, omi ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ará New York kan tó ní àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá ni wọ́n fi sí àárín. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mẹ́rìnlélógún ló yí i ká. Ẹyọ kan péré ló yọ ìlà, ti ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà kan. Wọ́n da aró kan sí i, èyí tí ọ̀rá máa ń gbà, ìlà náà kò gbà á bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n da aró pupa sí i, ó gbà á. Ìyẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé ohun mìíràn ni àwọn rí.

Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe jìn sí ara wọn tó: ará New York kan àti ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà kan tí wọn kò fojú kanra rí. Ọ̀pọ̀ oníwàdìí ni ì bá sọ pé ọ̀ràn tó ṣèèṣì ni, kí wọ́n fọ gíláàsì náà kí wọ́n sì gba ibòmíràn lọ.

Ṣé ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Australia antigen nìyẹn?

Ìdí ẹ̀ nìyẹn; antigen ni ohun àjèjì tí ọmọ ogun ara máa ń dá mọ̀. Ẹ tún mọ nǹkan mìíràn: HBsAg tí wọ́n máa ń kọ sórí ìwé àyẹ̀wò ní ọsibítù wa lónìí, ohun kan náà ni. Èèpo ara kòkòrò náà ni.

Báwo ni wọ́n wá ṣe mọ̀ pé jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ló ń fi hàn?

Èrò tí kò tọ̀nà ló gbé wọn débẹ̀, ibi tó dùn jù nínú ìtàn náà sì nìyí lójú tèmi.

Wọ́n yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti kó pa mọ́ sínú firíìsà wò. Nínú ẹgbẹ̀rún kan ará Amẹ́ríkà tí ara wọn yá, agbára káká ni wọ́n fi rí ẹnì kan tó ní ohun náà. Ó wọ́pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ olóoru àti ní Éṣíà. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ní in. Wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1965, wọ́n sì ń rò pé bóyá ohun àjogúnbá kan ni, tó máa ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tètè mú ènìyàn.

Blumberg ti kó lọ sí Philadelphia nígbà náà, sí iléeṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ ní Fox Chase. Wọ́n ní bí èrò àwọn bá tọ̀nà, ó yẹ kó pọ̀ lára àwọn tó ní Down's syndrome, ipò àbímọ́ni kan tó máa ń fa ìdàgbàsókè ọpọlọ sẹ́yìn, nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ máa ń mú àwọn yẹn ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n lọ yẹ̀ wọ́n wò níbi tí wọ́n ń gbé lọ́pọ̀ yanturu nínú ilé ìtọ́jú ńlá. Bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ní in! Ayọ̀ kún inú wọn. Àṣé ohun tí wọ́n rí yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n rò. Àwọn tó ń gbé pọ̀ nínú ilé kan náà ló ń kó o ran ara wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lára wọn ló tú àṣírí. Àyẹ̀wò rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ohun náà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ àjogúnbá ni, ìgbà wo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jogún rẹ̀? Wọ́n gbé e wọ ilé ìwòsàn láti yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1966, Dókítà Alton Sutnick kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dára mọ́, ó sì jọ pé ibẹ̀ ni ìdí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi yí padà wà. Ẹ̀dọ̀ ti ń wú nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ pọ́n.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sórí gíláàsì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ibà pọ́njú dé. Ara rẹ̀ yá pátápátá lẹ́yìn náà. Ó wà lára àwọn ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi àyẹ̀wò yìí mọ hẹpatáítíìsì B lára wọn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ṣe é.

Ṣé Blumberg nìkan ló wá ṣe gbogbo rẹ̀?

Kò sí ẹni tó ń dá irú iṣẹ́ yìí ṣe. A ti dárúkọ Allison, Alter àti Sutnick. Thomas London wà níbẹ̀, Irving Millman wà níbẹ̀. Kazuo Okochi ní Jàpáánù àti Alfred Prince ní New York ló fi ìwádìí tiwọn jẹ́rìí sí i lọ́dún 1968 pé ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1970 ni David Dane àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀rọ asọhun-kékeré-di-ńlá rí odindi kòkòrò náà. Ohun kan tó yẹ kí a yin Blumberg fún ni pé ó máa ń fi omi àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí àwọn láàbù mìíràn tó bá béèrè. Àwọn tó máa ń ti àpótí ìwádìí wọn pa pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Àǹfààní wo ni àwárí náà kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára. Kó tó dìgbà yẹn, ènìyàn lè lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, kí iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, kí ojú rẹ̀ wá pọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i. Kò sí bí dókítà ṣe lè mọ ẹ̀jẹ̀ tó léwu. Okochi fi hàn ní Jàpáánù pé ẹ̀jẹ̀ tó ní ohun yìí nínú ló máa ń kó àrùn ran àwọn tó gbà á ju ẹ̀jẹ̀ tí kò ní in lọ. Nígbà tí ọdún 1970 fi wọlé dáadáa, àwọn báńkì ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ibòmíràn ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó lò ó.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni gbogbo ayé ń pariwo, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, àyẹ̀wò yẹn ni màmá gbogbo rẹ̀. Láìsí i, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa mọ ẹni tó yẹ kí a dáàbò bò.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe abẹ́rẹ́ náà, nígbà tí kòkòrò yìí kò ṣeé sìn ní láàbù?

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyí. Àwọn abẹ́rẹ́ mìíràn, wọ́n máa ń sin kòkòrò, wọ́n á pa á tàbí kí wọ́n rọ agbára rẹ̀. Èyí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Blumberg àti Millman rí i pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní kòkòrò náà kún fún èèpo òfìfo, èyí tí kò ní kòkòrò nínú, tí kò sì lè kó àrùn ran ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún rí i pé ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ní ọmọ ogun tó ń bá èèpo náà jà, àrùn náà kì í mú un mọ́. Wọ́n ní kí a yọ èèpo náà láti inú ẹ̀jẹ̀, kí a fọ̀ ọ́ mọ́, kí a fi ṣe abẹ́rẹ́. Ọdún 1969 ni wọ́n fi ìwé ẹ̀tọ́ àwárí sílẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n tíì fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ṣe rí kó tó dìgbà yẹn.

Iléeṣẹ́ Merck ló gbà á ṣe, Maurice Hilleman ló sì darí iṣẹ́ náà níbẹ̀. Wolf Szmuness dán an wò ní New York lára ọkùnrin 1,083, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1980: abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́ gan-an. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 1981. Láti ọdún 1986 ni èyí tí wọ́n fi yíìsì ṣe ti jáde, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú mọ́. Irú èyí ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ wa lónìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dẹ́rù bà yín.

Wọ́n ní ó tún kan jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bẹ́ẹ̀ ni. Láti nǹkan bí ọdún 1950 ni Payet, dókítà ọmọ Faransé kan ní Dakar, ti ń fura pé jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tó pẹ́ lára ló ń di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ẹgbẹ́ Blumberg bá a ṣiṣẹ́ ní Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1976: ìyá àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ máa ń ní kòkòrò náà lára ju ìyá àwọn tí kò ní jẹjẹrẹ lọ. Ìyẹn fi hàn pé láti ọ̀dọ̀ ìyá ni ọ̀pọ̀ wọn ti kó o, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, ẹ̀dọ̀ wọn sì ti ń jìyà láti ìgbà yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Palmer Beasley ló fi òǹtẹ̀ lù ú ní Taiwan. Ó tẹ̀ lé ọkùnrin 22,707 fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì rí i lọ́dún 1981 pé ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lára àwọn tó ní kòkòrò náà ju igba ìlọ́po ti àwọn tí kò ní in lọ. Taiwan kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Oṣù Keje ọdún 1984 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́. Láàárín ọdún mẹ́wàá, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lára àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́rìnlá wálẹ̀ láti 0.70 sí 0.36 nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ tó dènà jẹjẹrẹ lára ènìyàn nìyẹn.

Ta ló bá a pín ẹ̀bùn Nobel?

Carleton Gajdusek, tó ṣèwádìí àrùn ọpọlọ kan tí wọ́n ń pè ní kuru ní Papua New Guinea.

Kí ló ṣe lẹ́yìn náà? Ṣé ó jókòó ti òkìkí rẹ̀?

Ọkùnrin yìí kò mọ jíjókòó. Láti 1989 sí 1994, òun ni ọ̀gá Balliol College ní Oxford, ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Nígbà tó lé ní àádọ́rin ọdún, NASA fi í ṣe olórí iléeṣẹ́ tó ń wádìí bóyá ohun abẹ̀mí wà ní àwọn ayé mìíràn, ó sì wà níbẹ̀ láti 1999 sí 2002. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2011 ló kú ní California, níbi ìpàdé kan ní ibùdó NASA tí òun náà ti sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún márùnlélọ́gọ́rin ni.

Hẹpatáítíìsì C ńkọ́? Ṣé òun náà ló rí i?

Rárá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Harvey Alter tó wà níbẹ̀ lọ́dún 1963. Òun ló rí i nígbà tó yá pé lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ẹ̀jẹ̀ tó ní B kúrò, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ kan ṣì ń gba inú ẹ̀jẹ̀ mú àwọn aláìsàn, kì í ṣe A, kì í sì í ṣe B. Michael Houghton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú kòkòrò náà lọ́dún 1989. Alter, Houghton àti Charles Rice jọ gba Nobel lọ́dún 2020. C ní oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. B kò tíì ní irú rẹ̀.

Ìwé àyẹ̀wò mi ní HBsAg wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ṣé mo ti kú nìyẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí kanlẹ̀. Ohun tí ìwé yẹn sọ ni pé ẹ ní kòkòrò náà lára lásìkò yìí. Kò sọ bí ẹ̀dọ̀ yín ṣe rí. Bó bá jẹ́ pé nígbà àgbà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, ó ṣeé ṣe gan-an kí ara yín lé e lọ fúnra rẹ̀, kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tó máa ń bá lára lọ. Bó bá sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ti di ti ọjọ́ pípẹ́. Dókítà yóò yẹ ẹ̀dọ̀ wò, yóò ka iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì ya àwòrán ẹ̀dọ̀. Àwọn kan kò nílò oògùn ju kí wọ́n máa padà wá fún àyẹ̀wò. Àwọn kan yóò máa lo tenofovir tàbí entecavir lójoojúmọ́, èyí tó máa ń tẹ kòkòrò náà lórí ba kí ẹ̀dọ̀ lè sinmi.

Jíjẹun pọ̀, dídì mọ́ra àti bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, abẹ́rẹ́ àti abẹ tí wọ́n jọ lò, àti ìyá sí ọmọ nígbà ìbímọ ni ọ̀nà rẹ̀. Kòkòrò náà lè wà láàyè fún ọjọ́ méje lórí abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí, nítorí náà ẹ mú abẹ tiyín lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ àti onílà. Kí ọkọ tàbí aya àti àwọn ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ní ti àgbo: mo mọ̀ pé ẹnì kan ti gbé ìgò kan wá fún yín. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń lọ ohun gbogbo tí ẹ bá mu, ẹ̀dọ̀ tó ti ń wú kò sì nílò iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ọtí ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu náà léwu, nítorí oró tó máa ń wà lára wọn, tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, máa ń bá kòkòrò yìí pawọ́ pọ̀ fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́ lọ gún, ẹ dà á nù.

Ìgbà wo ni ọmọ tuntun yẹ kó gba abẹ́rẹ́?

Kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ hẹpatáítíìsì B wọ ètò àjẹsára Nàìjíríà. Bó ṣe wà báyìí nìyí: ọ̀kan lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, àwọn yòókù ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kẹwàá àti kẹrìnlá nínú abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn márùn-ún. Èyí àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ kì í rí gbà. Bí wọ́n bá bí i sílé tàbí sílé àgbẹ̀bí ìjọ, ìsọmọlórúkọ á dé, ẹbí á jẹ, wọ́n á mu, kí ẹnikẹ́ni tó rántí àjẹsára. Ọmọ tó bá kó kòkòrò yìí nígbà ìbí, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni yóò máa bá a dàgbà. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ máa ń tẹ̀ lé aboyún lọ bímọ, ẹ bá wa bi nọ́ọ̀sì léèrè kí ẹ tó gbé ọmọ kúrò níbẹ̀.

Ọmọ mi ní òun fẹ́ di dókítà tó ń ṣèwádìí ẹ̀dọ̀ bíi Blumberg. Ọ̀nà wo ló yẹ kó gbà?

Ọ̀nà náà gùn. Ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, ọdún kan tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ọsibítù, ìsìnrú ìlú, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ ọdún ẹ̀kọ́ nípa àìsàn inú ara kó tó dojú kọ ikùn àti ẹ̀dọ̀. Oyè ọ̀mọ̀wé tún wà níwájú bó bá fẹ́ ìwádìí ní tòótọ́. Àwọn ọ̀gá tó lè kọ́ ọ wà ní UCH Ìbàdàn, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní LUTH.

Ohun tí mo rò pé ó ṣòro jù ni iná mànàmáná. Iṣẹ́ Blumberg dúró lórí firíìsà: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lónìí, tí wọ́n lè gbé jáde lẹ́yìn ọdún pípẹ́ láti fi dáhùn ìbéèrè tí kò tíì sí nígbà tí wọ́n gbà á. Láàbù tó bá ń lo jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́, owó dísù ló ń jẹ owó ìwádìí rẹ̀. Kí ọmọ náà mọ èyí kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé béèrè owó ìwádìí pẹ̀lú ìtara tó fi ń kọ́ ìṣègùn.

Mo ti dàgbà, n kò gba abẹ́rẹ́ kankan rí. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò. Bí kò bá sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ gba ẹyọ kan lónìí, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Ẹ̀kẹta yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú fóònù yín kí ẹ tó jáde ní ọsibítù.